Ẹni Tó Ti Sùn Kì í San Owó Ilé

Kí Bàbá Awada tó fi ayé sílẹ̀, ó ti sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa tó lè sọ pé òun kò gbọ́. Ìṣòro wa ni pé gbogbo wa la gbọ́, kálukú sì gbọ́ èyí tó wù ú. Bọ̀ọ̀dá Yínká, àkọ́bí rẹ̀ tó ń gbé ní Jámánì, gbọ́ Ìrágbìjí, ìlú àwọn baba wa. Títílayọ̀ ìyá mi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Bàbá bí, gbọ́ Awada, àdúgbò wa ní Onitsha, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ìyàwó rẹ̀ tó kú ṣáájú rẹ̀. Àwọn ará Ìrágbìjí kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀. Ní gbogbo àsìkò tí à ń jiyàn yìí, Bàbá fúnra rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì ní Onitsha, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn án, kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ọ̀rọ̀ sàréè nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Yínká ti rí ẹni tí yóò ra ilé Awada. Ẹni tó fẹ́ ra ilé kì í fẹ́ bá òkú kan nínú ọgbà, kí á má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti méjì. Bí Bàbá bá lọ sí Ìrágbìjí, wọn yóò hú Màmá náà, ilé yóò sì di títà. Bí Bàbá bá dúró, ó ṣeé ṣe kí Màmá náà rí ibi dúró. Ohun tí à ń jà sí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àṣà àti ọ̀wọ̀ àgbà ló kún ẹnu wa.

Èmi ni Bàbá tọ́ nínú ilé yẹn láti kékeré. Èmi náà ni mo bá a lọ sí Jámánì nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ onílé gbé e kiri àwọn ìlú àtijọ́ wọn, nítorí náà mo gbọ́ ohun tó sọ, mo sì rí àga tó jókòó lé nígbà tó ń sọ ọ́. N kò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú ti ṣe ìyẹn, ó sì parọ́ níwọ̀n tó tọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n pè é ní onísùúrù. Bàbá tí mo mọ̀ máa ń bínú sí omi tó bá pẹ́ kó tó hó.

Bàbá kì í sùn ní ìlú tí kò bá tíì kí onílẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tí báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́ gbé e wá sí Onitsha, akọ̀wé kékeré ni, táì lọ́rùn, àpótí lọ́wọ́. Wọ́n ní kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó tó padà sí Ìbàdàn. Kó tó wá yàrá tí yóò gbé, ó ra obì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn léèrè ní páàkì pé ta ló ni ilẹ̀. Wọ́n rò pé ó fẹ́ ra ilẹ̀ ni. Níkẹyìn, ẹnìkan mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan ní Awada. Bàbá arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní obì kò gbọ́ èdè mìíràn ju Igbo lọ, ó gbà á, ó sì fi Igbo wúre gígùn lé e lórí. Bàbá wa dúró pẹ̀lú táì rẹ̀, ó ń wo ẹnu, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bí àwọn tó jókòó bá ti pariwo “Ise!”, òun náà á pariwo “Ise!”

“Mo ṣe àmín sí ohun tí n kò gbọ́,” ló máa ń wí fún mi. “Bí èèyàn ṣe ń di ọmọ ìlú nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́.”

Bàbá arúgbó yẹn ló ta ilẹ̀ fún un nígbà tó yá. Ọmọ rẹ̀ ni Papa Chinedu, tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa, tí kò sì dárí ji ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á. Ìjà gọ́tà ni ìjà wọn. Bí òjò bá ti rọ̀, omi ọgbà wa á lọ kí Papa Chinedu nílé. Òun á jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Bàbá á jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti táì, nítorí kì í bá ẹnikẹ́ni jà láìwọ táì.

“Papa Yinka! Carry your water go your village!”

“Which village? Na rain. Rain no get village.”

Wọ́n á bú ara wọn ní Pidgin títí tí Pidgin á fi tán lẹ́nu wọn. Bàbá á wá fi Igbo bú u, Papa Chinedu á sì fi ìwọ̀nba Yorùbá tó kọ́ lẹ́nu Màmá dá a lóhùn. Lọ́jọ́ Kérésì, àwọn méjèèjì á na abọ́ oúnjẹ sí ara wọn lórí ògiri ọgbà, láìkí ara wọn. Mo bi Bàbá nígbà kan pé kí ló dé tí kò tún gọ́tà náà ṣe, kí ìjà tán. Ó wò mí bí ẹni tó fi owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ṣòfò.

“Bí mo bá tún un ṣe,” ó ní, “kí ni yóò tún máa mú un wá síbí?”

Ohun mìíràn tí kì í fojú fò ni ọ̀rọ̀ ara ògiri. Ní àdúgbò wa, ẹ máa ń rí i tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ilé pé ilé yìí kì í ṣe títà. Gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ rẹ̀: baálé ilé ti kú, àwọn ọmọ ń jà, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń mú àlejò wá wo yàrá. Bí Bàbá bá ti rí irú rẹ̀, á yọ dígí ojú rẹ̀, á nù ún, á tún un kà bí ẹni ń ka ìwé báńkì.

“Ilé tó bá ń pariwo pé òun kì í ṣe títà,” á ní, “ó ti wà lọ́jà.”

Èyí tó le nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ti Màmá. Télọ̀ ni Màmá. Kò sí ìyàwó tó kúrò ní àdúgbò wa láìjẹ́ pé Màmá ti fi téèpù wọn ìgbáròkó rẹ̀. Ó kú lójijì, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, abẹ́rẹ́ sì wà ní àyà bùláòsì rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ará Ìrágbìjí gbé bọ́ọ̀sì wá láti gbé e lọ sílé. Bàbá dúró sẹ́nu géètì, táì lọ́rùn.

“Ẹ kú ọ̀nà,” ó wí. “Ẹ wọlé, ẹ wá jẹun. Òkú kò ní bá yín lọ.”

Papa Chinedu náà wá, láìmú ṣọ́bìrì dání. Lọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀, bí èèyàn bá kú sí òkè òkun pàápàá, wọn yóò gbé e wálé. Ẹni tí wọ́n bá sin sí àjò dà bí ẹrù tó já bọ́ lójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò padà wá mú. Ó ní, “Papa Yinka, this one no be gutter matter. You no fit leave your wife for road.”

“No be road,” ni Bàbá dá a lóhùn. “Na my house.”

Nípa báyìí, ó ṣẹ Yorùbá, ó ṣẹ Igbo, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n sin Màmá sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Màmá ní òfì kan tó ká sí ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, tó máa ń pè ní aṣọ ọjọ́ tí n óò padà sílé. Òun ni wọ́n wọ̀ fún un. Aṣọ náà kò rìn ju láti pálọ̀ dé abẹ́ igi lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti ń bi Bàbá ní ìbéèrè kan tí kì í dáhùn. Bí wọ́n bá ń jẹun, bí wọ́n bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tilẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, á kàn gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé ife omi sílẹ̀:

“Bàbá, ṣé ẹ bi Màmá?”

Gbogbo Ìrágbìjí ló ń pe Bọ̀ọ̀dá Yínká ní Dókítà. Kì í ṣe dókítà. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, iṣẹ́ gidi tó yẹ kó fi yangàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fi oyè dá a lọ́lá nílé, ẹni tó di máìkì mú pè é ní Dókítà, kò sì tíì rí àyè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe láti ìgbà náà. Lẹ́yìn tí Màmá lọ, ó ní kí Bàbá wá sinmi lọ́dọ̀ òun, kí ó wá rí àwọn ìlú àtijọ́ tí àwọn òyìnbó ń ti ìlú òyìnbó mìíràn wá wò. Ó ní kí èmi náà bá a wá, kí Bàbá má bàa dá nìkan wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Ó háyà ọkọ̀ onílé. Ọkọ̀ ńlá kan ni, wọ́n kó ilé sínú rẹ̀: ibùsùn, sítóòfù, fíríìjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì ló sábà máa ń gbé e kiri. Ẹ̀yìn odi ìlú ni wọ́n ń páàkì rẹ̀ sí, lójú kan tí wọ́n ti fa iná àti omi sí, nítorí òpópónà inú ìlú àtijọ́ kò gbà á. Bàbá rìn yí i ká, ó kan ara rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

“Ìgbín,” ló wí. Orúkọ tí ọkọ̀ náà ń jẹ́ nìyẹn títí a fi dá a padà.

Ní Rothenburg, ní Dinkelsbühl, ní Nördlingen tí èèyàn lè rìn lórí odi rẹ̀ títí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ni Bọ̀ọ̀dá ń fi hàn wá: ilé. Ilé tó tẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, igi dúdú tó gba ara wọn kọjá lára ògiri funfun. Ó ní àwọn ilé náà ti wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Bàbá ní kí ni wọ́n fi kọ́ wọn. Bọ̀ọ̀dá lọ bi ọkùnrin kan tó ń kun fèrèsé, ó padà wá pẹ̀lú ojú tó rẹ̀ díẹ̀.

“Igi ni, Bàbá. Igi, koríko, àti amọ̀.”

“Amọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n amọ̀ àtijọ́ ni.”

“Amọ̀ wo ni kì í ṣe àtijọ́?”

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ilé amọ̀ kan wà ní Ìrágbìjí tí baba Bàbá kọ́. Lọ́dún tí wọ́n fi Bọ̀ọ̀dá joyè, ó wó o, ó kọ́ ilé olópòó ńlá síbẹ̀, ère kìnnìún méjì sì wà lẹ́nu géètì. Alángbá nìkan ló tíì sùn níbẹ̀ di òní. Bàbá ṣáájú wa padà dé ìdí Ìgbín. Ó wá nu bàtà rẹ̀ kó tó wọlé, ó ní, “Ẹ wó tiwa torí pé amọ̀ ni. Ẹ wá ń wa Ìgbín kiri láti ya fọ́tò tiwọn.”

Ìgbín náà ní ìtìjú tirẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ní àpótí kan nísàlẹ̀ tí wọ́n ń fà jáde láti ìta, tí wọ́n ń gbé lọ dà síbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Iṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń gbé e lọ, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tó fi ń ya fọ́tò fún àwọn ará ilé, Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìgbín, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Mo rán ọmọ lọ sí Jámánì, ó di agbépòó olóyè.”

Mo rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́. N kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tó wúwo ju àpótí yẹn lọ ló ń gbé kiri.

Gbogbo ìlú tí a bá sùn sí ni Bàbá ti ń wá onílẹ̀. Ó di obì mọ́ aṣọ rẹ̀ láti Onitsha. Bọ̀ọ̀dá ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí,” Bàbá ní, “Wọn kì í kí èèyàn níbí?” Tọkọtaya arúgbó tí ọkọ̀ onílé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, tí àwọn náà jẹ́ àlejò bíi tiwa, ni Bàbá fún ní obì. Ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sọ ti baba rẹ̀, ó tọ́ka sí mi, ó sọ tèmi. Ọkọ bu obì jẹ, ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí kò jẹ́ kó tu ú. Ó ń jẹ ẹ́ lọ bí ẹni ń jẹ pákó.

“Ó ti jẹ ẹ́,” ni Bàbá wí, ara rẹ̀ balẹ̀. “Bí mo bá kú síbí, ẹnìkan á mọ ẹni tó kú.”

Ìlú tí ọ̀rọ̀ ti yí padà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó kéré, ó lẹ́wà, kò jìnnà sí ibi tí Bọ̀ọ̀dá ń gbé. Bọ̀ọ̀dá ní kí á kọ́kọ́ yà kí ẹnìkan. Ilé funfun mímọ́ kan ni. Àwọn arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀, aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni jà. Obìnrin ẹlẹ́rìn-ín kan mú wa lọ sí yàrá kan tó ní ibùsùn títẹ́ àti fèrèsé ńlá tó kọjú sí odi ìlú. Ó bi Bàbá pé ṣé fèrèsé náà wù ú. Bọ̀ọ̀dá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

“Ó dára gan-an,” ni Bàbá wí. “Ta ló ń gbé ibẹ̀?”

Bọ̀ọ̀dá wo ilẹ̀. Èmi wo Bọ̀ọ̀dá. Bàbá wo ibùsùn náà, ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé tó fọwọ́ kan ohun olóhun.

Kò bínú. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ó jáde, ó ń rìn lọ níwájú wa, ó sì yà sí itẹ́ òkú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Òdòdó ló kún ibẹ̀, òkúta sàréè ń dán. Ó ń ka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá dúró.

“Yínká, ìlú yìí ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn òkú rẹ̀ dà? Ẹni àná ni gbogbo àwọn wọ̀nyí.”

Ìyá arúgbó kan ń bomi rin òdòdó nítòsí. Bọ̀ọ̀dá bá a sọ̀rọ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Lọ́dọ̀ àwọn, ilẹ̀ sàréè kì í ṣe ti òkú títí ayé. Wọ́n máa ń san án fún iye ọdún kan ni. Bí ọdún náà bá pé tí ẹnikẹ́ni kò tún san án, wọ́n á yọ òkúta kúrò, wọ́n á fi ibẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ti ọkọ rẹ̀ kù díẹ̀ kó pé. Àwọn kò bímọ tí yóò tún san án lẹ́yìn òun.

“Níbo ni ọkọ rẹ̀ máa wá lọ?”

“Kò lọ síbì kankan, Bàbá. Ó tán nìyẹn.”

Bàbá bọ́ fìlà fún ìyá náà. Ó dúró títí tí omi inú garawa rẹ̀ fi tán. “Ilé wọn kò gbọdọ̀ wó,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “òkú wọn ló ń kó jáde. Ẹni tó ti sùn, Yínká! Ta ló tún ń béèrè owó ilé lọ́wọ́ ẹni tó ti sùn?”

Àga awakọ̀ Ìgbín máa ń yí. Bí ọkọ̀ bá dúró, wọ́n á yí i kọjú sí inú, kó di àga pálọ̀. Nígbà tí a padà dé ìdí rẹ̀, Bàbá mú táì rẹ̀, ó so ó, ó jókòó sí àga yẹn, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó di apá àga náà méjèèjì mú.

Àkókò tó yẹ kí á kúrò níbẹ̀ ti tó. Ọkọ̀ onílé mìíràn ti dúró níta, ó ń retí àyè wa. Òyìnbó inú rẹ̀ kò fọn fèrè. Ó kàn ń wò wá, èyí tó burú ju fèrè lọ fún ẹni tó ti pẹ́ ní Jámánì bíi Bọ̀ọ̀dá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Àwọn èèyàn ń dúró.”

“Kí wọ́n dúró. Ìgbín kì í sáré.”

“Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lójú ọ̀nà.”

“Ọ̀nà ibo? Ti yàrá onífèrèsé yẹn?”

Bọ̀ọ̀dá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n Ìgbín kò ní àyè ìdọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, orí rẹ̀ sì wà lábẹ́ tábìlì. Láti ibẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ pé ó ń sunkún.

“Ẹ̀rù ló ń bà mí, Bàbá. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá lọ síbi iṣẹ́, tí ẹ bá ṣubú, ta ló wà nílé?”

“Ìyá rẹ wà nílé.”

“Màmá ti kú.”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo sin ín.”

Ó wá dáhùn ìbéèrè ìyá mi, ìyá mi kò sì sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. “Títílayọ̀ máa ń bi mí bóyá mo bi ìyá yín. N kò bi í. Ó fẹ́ lọ sílé, Yínká. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ lọ. Èmi ni mo dá a dúró, torí n kò lè dá wà nínú ilé yẹn. Kí n wá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ báyìí, kí n wá máa wo fèrèsé?” Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. “Ẹni tó mú ni wá sí àjò kì í dá ni dá ilẹ̀.”

Bọ̀ọ̀dá ṣèlérí níbẹ̀, lábẹ́ tábìlì. Ó ní òun yóò dá a padà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí Bàbá bá ń mí, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ilé Awada.

“Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń mí,” ni Bàbá tún sọ, bí akọ̀wé báńkì tó ń wo ibi tí wọ́n fẹ́ kó buwọ́ lù. “Mo gbọ́ ọ, Yínká.”

Ó tú táì rẹ̀, ó dìde, ó sì juwọ́ sí òyìnbó tó ń dúró.

Àìsàn Bàbá kò pẹ́ lẹ́yìn tó padà wá. Ó lo ìwọ̀nba àkókò tó kù lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, lórí àga kan, ó ń sọ fún Màmá bí ìlú Jámánì ṣe rí. Mo gbọ́ tó ń sọ fún un pé amọ̀ ni. Nígbà tó mí èémí ìkẹyìn, ìlérí Bọ̀ọ̀dá parí gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe é, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ó yẹ àdéhùn.

Bọ̀ọ̀dá dé. A jókòó sí pálọ̀ Awada, ẹbí Ìrágbìjí lápá kan, ìyá mi àti èmi lápá kejì. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní kí á gbé Bàbá lọ sílé, kí á sì hú Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí àwọn méjèèjì jọ sùn nílẹ̀ baba wọn, nínú ọgbà ilé tí òun kọ́. Mo rí i pé ojú ìyá mi yí padà. Ohun tó ti ń fẹ́ fún ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀ yìí, nínú abọ́ tó mọ́. Mo ti sọ ohun tí Bàbá sọ nínú Ìgbín fún un. Ó mọ̀ pé wọn kò bi Màmá.

Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá, bí a kò bá ní ta ilé yìí, ẹ gbé Màmá lọ sílé lónìí. Èmi á gbé orí, ẹ̀yin á gbé ẹsẹ̀. Ṣé a kò ní ta á?”

Bọ̀ọ̀dá yọ fóònù rẹ̀, ó ń wò ó. Ibẹ̀ ni Papa Chinedu ti wọlé. Ó wọ fìlà pupa, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní lẹ́yìn tí Bàbá ti Jámánì dé, ó wá sílé òun. Ó gba ẹnu géètì wọlé, kò gba ọ̀nà gọ́tà. Ó so táì, ó gbé obì wá fún òun bó ṣe gbé e wá fún baba òun nígbà kan, ó sì tọrọ ààyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ilẹ̀ náà ti di ti Bàbá. Kò sí òfin tó ní kó tọrọ ohunkóhun.

“I pray the kola for Igbo,” ni Papa Chinedu wí. “This time e hear everything. E still answer Ise.” Ó wo Bọ̀ọ̀dá. “That time wey e bury your mama here, I talk say e no good. I still dey talk am. But we don chop the kola. Who wan carry am go, make e first return the kola.”

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá obì tí wọ́n ti jẹ padà. Àwọn àgbà Ìrágbìjí wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí mọ́. A sin Bàbá sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Bọ̀ọ̀dá bu yẹ̀pẹ̀ sí i, ó sì dúró níbẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ jẹun. Mo rò pé ó fẹ́ sọ nǹkan fún wọn. Nígbà tí mo súnmọ́ ọn, mo rí i pé ó ń fi ìgbésẹ̀ wọn ilẹ̀ tó ṣẹ́kù láti sàréè dé ògiri.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọkùnrin méjì wá wo ilé. Wọ́n kí mi dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn tọ́ka sí abẹ́ igi, ó bi mí bóyá àwọn yẹn ṣeé gbé. Mo pe Bọ̀ọ̀dá lórí fóònù. Ó ní òun kò tíì pinnu, pé wọ́n kàn ń wò ó ni.

Mo ra ọ̀dà pupa. Papa Chinedu di àkàbà mú fún mi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ìta, ní Yorùbá, ní Igbo àti ní Gẹ̀ẹ́sì, pé ilé yìí kì í ṣe títà. Mo mọ ohun tí Bàbá á sọ. Síbẹ̀, mo kọ ọ́.

Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà tó kẹ́yìn ni òjò ṣú. Papa Chinedu wo ojú ọ̀run, ó wo gọ́tà, ó ní kí n sọ̀kalẹ̀, ó gbé àkàbà kalẹ̀, ó sì lọ sílé. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tó tún jáde, ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ó dúró sẹ́nu géètì wa nínú òjò. Kò pariwo. Ó kàn ń wo ilẹ̀kùn, ó ń retí ẹni tí yóò jáde wá bá a jà.

Mo wọlé lọ mú táì Bàbá.